Wáyà tó ń pọ́n lójú kan ló ń jó òwú

Tí ẹ bá dúró sí Rye Lane ní Peckham, ní London, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí bíi pé Ojúẹlẹ́gba lèèyàn wà, ẹ ó rí àwọn géńdé tí wọ́n ń tú èéfín lẹ́nu bíi mólúè ayé ọjọ́un tó ń gun bíríìjì. Kì í ṣe sìgá ni wọ́n ń fà o. Vape ni, sìgá oníbátìrì. Kò sí ìṣáná níbẹ̀, kò sí ewé tábà tó ń jó. Bátìrì ló ń mú wáyà kékeré kan gbóná, wáyà yìí á sọ omi kan di èéfín, ẹni tó ń fà á á gbé e mì, á tún tú u síta. Àwọn àgbà tó bá rí wọn á kàn mi orí ni, wọ́n á ní ọmọ aráyé tún ti rí ọ̀nà tuntun tí wọn ó fi máa ba ara wọn jẹ́.

Èmi ò wá síbí láti yin vape, mi ò sì wá bú u. Ohun tó jẹ́ kí n gbé bírò ni pé wáyà kékeré ọ̀hún ló kù díẹ̀ kó dá àbúrò mi padà sídìí sìgá, lẹ́yìn tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún odindi ọdún kan. Nígbà tí mo sì wo ọ̀rọ̀ náà wò, mo rí i pé àrùn tó ń ṣe wáyà yẹn kò yàtọ̀ rárá sí èyí tó máa ń ṣe sítóòfù oníná tí à ń tún ṣe ní Mushin nígbà náà lọ́hùn-ún. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ.

Sìgá tó gba bàbá wa

Sìgá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà nínú ilé wa. Bàbá wa fà á láti ìgbà ọ̀dọ́ títí wọ́n fi dolóògbé. Awakọ̀ ni wọ́n, Ìbàdàn sí Kánò ni wọ́n ń ná, wọ́n sì máa ń sọ pé sìgá ni kì í jẹ́ kí oorun gbé àwọn lọ lójú títì. Tí wọ́n bá ń bọ̀ nílé, kí a tó gbọ́ ohùn wọn la ó ti gbọ́ ikọ́ wọn. Ikọ́ yẹn làwa ọmọ fi ń mọ̀ pé Bàbá ti dé, a ó sì sáré jáde lọ gba búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó yá, ikọ́ ò jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́. Nígbà tí dókítà fi máa yẹ̀ wọ́n wò, ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọdún 2001 la sin wọ́n. Títí di òní, ìyá wa kì í pe orúkọ àrùn yẹn. Tí èèyàn bá bi wọ́n léèrè, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé: “Sìgá ló gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi.”

Ṣé ẹ wá rò pé ìyẹn á jẹ́ kí gbogbo wa sá fún sìgá? Àbúrò mi ọkùnrin, èyí tó tẹ̀lé mi gan-an, ló jogún ẹ̀. Nígbà tó máa fi dé bá mi ní London ní 2006, ogún ẹyọ ló ń fà lóòjọ́. Kò sí ohun tí kò ṣe láti fi í sílẹ̀. Ó jẹ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gbàgbé sìgá títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn ún. Ó lẹ èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, bí ẹni pé egbò ló ń dí. Ó ṣe é fún oṣù méjì, ó tún padà síbẹ̀. Ó ṣe é fún oṣù mẹ́ta, ó tún padà síbẹ̀. Ìparí 2017 ló gbé vape. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún fẹnu kan sìgá. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé òun ò gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láàárọ̀ mọ́, àti pé kọ́tìnnì inú ilé kò rùn mọ́.

Kọ́ìlì ni wọ́n ń pe wáyà kíká tó ń gbóná nínú vape. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń ṣe é tà, tó bá ti lo bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, èèyàn á ju ti tẹ́lẹ̀ nù, á ra òmíràn. Àbúrò mi wò ó pé owó ọ̀hún ti ń pọ̀. Ó lọ ra wáyà rọ́ọ̀lù kan àti òwú funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká kọ́ìlì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fa vape ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn, nítorí ọwọ́ tó ń ká wáyà kò ráyè gbé sìgá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kọkànlá 2018, fóònù mi dún. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan yìí ti sú mi o. Ó ń jóná mọ́ mi lẹ́nu. Bí mo bá fà á, àfi bíi pé mo gbé àkísà tó ń jó sẹ́nu. Mo ti pààrọ̀ omi ẹ̀, mo ti pààrọ̀ òwú ẹ̀, pàbó ló ń já sí. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ̀kalẹ̀ lọ ra páálí sìgá kan, kí ara mi balẹ̀.”

Mo ní: “Má lọ síbì kankan. Mo ń bọ̀.”

Ohun tí hot plate kọ́ wa ní Mushin

Kí n tó sọ ohun tí mo bá níbẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ iná ni mo kọ́ ní Mushin, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, láàárín 1990 sí 1996. Hot plate ló ń bọ́ wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: amọ̀ funfun tí wọ́n la ojú ọ̀nà roboto sí lára, tí wáyà bíi sípíríìnì wà nínú rẹ̀. Àpọ́n tí kò rówó ra kẹrosíìnì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dáná nínú yàrá, ìyàwó ilé tí Nẹ́pà bá ṣojú rere sí, gbogbo wọn ló ń lò ó. Wáyà yẹn ló máa ń já. Tó bá ti já, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá.

Wáyà tuntun tí à ń rà lọ́jà máa ń kì ni, òrùka rẹ̀ á sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ ni láti fà á gùn kó tó bá ojú ọ̀nà inú amọ̀ mu. Ọ̀gá wa kì í gbà ká fojú díwọ̀n ọn. Wọ́n á ní ká kọ́kọ́ tẹ́ òwú ìránṣọ sínú ojú ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ká yọ ọ́, ká nà án sílẹ̀, ká wá fa wáyà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí tó fi gùn tó òwú, kí àlàfo àárín òrùka kan sí èkejì sì dọ́gba. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fi ìkánjú fà á, ibì kan á fẹ̀, ibòmíì á kì bíi èrò inú dánfó. Bí wọ́n bá tan iná sí i, ibi tó kì yẹn ló máa kọ́kọ́ pọ́n bí ata, torí pé àwọn òrùka ibẹ̀ ń mú ara wọn gbóná, ooru wọn ò ríbi gbà jáde. Kò ní pẹ́, kò ní jìnnà, ibẹ̀ náà ló máa já.

Àwọn oníbàárà wa tún ní tiwọn. Tí wáyà bá já, wọ́n á lọ́ ẹnu méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní àwọn ti tún un ṣe. Ibi tí wọ́n lọ́ pọ̀ yẹn, wáyà ò fara kan wáyà dáadáa, tipátipá ni iná fi ń kọjá níbẹ̀, ibẹ̀ á sì máa gbóná ju gbogbo ibi tó kù lọ. Àwa oníṣẹ́ iná a máa pè é ní páṣà kọ́ńtáàtì. Ẹlòmíì á gé ibi tó bàjẹ́ sọ nù, á fa èyí tó kù. Ẹ wo ìṣirò ẹ̀: hot plate 1000 watt tó ń lo iná 230 volt, wáyà rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí 53 ohm. Ohm yìí la fi ń mọ bí wáyà ṣe ń dá iná dúró tó. Iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á jẹ́ nǹkan bí amp 4.3. Tí ẹ bá gé ìdá kan nínú mẹ́ta wáyà náà kúrò, ohm á lọ sílẹ̀ sí 35, iná tó ń kọjá á gòkè sí amp 6.5, hot plate 1000 watt á wá di 1500 watt. Inú oníbàárà á máa dùn pé ìrẹsì ń tètè jinná, kò mọ̀ pé hot plate ń palẹ̀ mọ́ ni.

Wáyà hot plate àti wáyà vape, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Albert Marsh, ará Amẹ́ríkà kan, ló po nickel mọ́ chromium ní 1905, òun ni wọ́n ń pè ní nichrome. Nígbà tó yá, Hans von Kantzow ní ilẹ̀ Sweden dá ilé-iṣẹ́ Kanthal sílẹ̀ ní 1931, tiwọn ni èyí tí wọ́n fi irin, chromium àti aluminium pò pọ̀. Wáyà méjèèjì lè pọ́n wẹ̀ẹ̀ lójú afẹ́fẹ́ kí wọ́n má tètè jẹrà. Ìdí rèé tí wọ́n fi wà nínú hot plate, nínú ẹ̀rọ tó ń yan búrẹ́dì, tí wọ́n sì wọnú vape pẹ̀lú. Ọ̀gbẹ́ni Hon Lik, apòògùn ará China tó gbé sìgá oníbátìrì kalẹ̀ ní 2003, òun náà ń fa sìgá bí ẹni máa kú ni, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló sì pa bàbá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún jọ ti ilé wa.

Lórí tábìlì àbúrò mi

Nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo dé ilé wọn. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní: “Ẹ káàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀ o. Ó ti wọ jákẹ́ẹ̀tì láti bí ààbọ̀ wákàtí, owó sìgá wà lọ́wọ́ ẹ̀.”

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ kankan. Ta ló kù tí kò tíì bá a sọ̀rọ̀ sìgá láyé yìí? Mo kàn ní: “Gbé nǹkan ọ̀hún wá, kí o sì kọ́kọ́ yọ bátìrì inú rẹ̀.”

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni bá fẹ́ fọwọ́ kan síkúrù tàbí wáyà vape, bátìrì ni kó kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó fa òwú jáde. Òwú yẹn ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó funfun lápá kan, ó dúdú bí èédú lápá kejì, dúdú ọ̀hún kò sì ju ibi tí ọmọ ìka lè bò lọ. Tí òwú bá jóná kárí, á jẹ́ pé omi ti tán nínú ẹ̀, tàbí iná tí èèyàn fi sí i ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n tó bá jóná lójú kan ṣoṣo, wáyà ló yẹ ká wò. Àbúrò mi ti pààrọ̀ òwú lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ yẹn, òwú ò sì ṣẹ̀ ẹ́.

Kọ́ìlì méjì ló wà nínú ẹ̀, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wáyà Kanthal tó nípọn tó 0.4 mm ló lò. Ó ká a nígbà 7 sára irin 3 mm, àwọn òrùka náà fara kanra. Irú kọ́ìlì bẹ́ẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí ohm 1. Tí ẹ bá wá de méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á rí ọ̀nà méjì gbà, ohm á wá di ààbọ̀, ìyẹn 0.5. Mo ní kó dá bátìrì padà, ká wo ohun tí ojú gíláàsì àpótí náà máa sọ láìsí òwú nínú rẹ̀. Ó kọ 0.50. Mo fi ìka ti àpótí náà díẹ̀, ó di 0.58. Mo tún tì í, ó di 0.53.

Mo rẹ́rìn-ín. Kanthal kì í yí ohm rẹ̀ padà lọ títí bẹ́ẹ̀, ì báà gbóná, ì báà tutù. Tí nọ́ńbà bá ń jó, síkúrù ni. Páṣà kọ́ńtáàtì ti Mushin ti tẹ̀lé wa dé London. A yọ bátìrì, a tú síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ wáyà kan kò wọlé sábẹ́ síkúrù dáadáa, etí rẹ̀ nìkan ni síkúrù tẹ̀. Ó tún un tì sínú, ó sì dè é. Mo kìlọ̀ fún un kó má fagbára dè é jù, torí síkúrù tó le jù á gé wáyà lábẹ́ ibẹ̀, kọ́ńtáàtì á tún bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nọ́ńbà wá dúró sí 0.50, kò mì mọ́.

Ó rò pé ó ti parí nìyẹn, ó ti nawọ́ sí òwú. Mo ní kó dúró. Mo ní kó pa iná yàrá, kó dín agbára àpótí kù sí 12 watt, kó tẹ bọ́tìnì fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kó fi í sílẹ̀, kó tún tẹ̀ ẹ́. Nínú òkùnkùn yẹn, kò sí ohun tí wáyà lè fi pa mọ́. Kọ́ìlì apá ọ̀tún pọ́n láti àárín, ó rọra tàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí pé ẹsẹ̀ wáyà tó wà lábẹ́ síkúrù máa ń gbé ooru fún òpó irin, àárín ló kọ́kọ́ ń gbóná. Ṣùgbọ́n ti apá òsì ńkọ́? Òrùka méjì ní ìparí ló ti pọ́n wẹ̀ẹ̀, márùn-ún tó kù dúdú bíi pé kò sí iná níbẹ̀. Ibi tó dúdú lára òwú gan-an nìyẹn.

Àbúrò mi ní: “Háà! Ẹ̀gbọ́n, èyí nìyẹn!”

Ohun tó fà á ni pé àwọn òrùka tó fara kanra kò fara kanra bákan náà. Ibì kan kì, ibì kan ya díẹ̀. Níbi tí irin lásán bá ti fara kan irin, iná á gba àbùjá, á fò láti òrùka kan sí èkejì dípò kó gba gbogbo ara wáyà yí ká. Ibi tí kò bá ti rí àbùjá gbà ni gbogbo wàhálà á wá dúró sí. Ṣùgbọ́n Kanthal ní ọgbọ́n kan: tó bá pọ́n, aluminium inú rẹ̀ máa ń fa awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ara wáyà náà, iná kì í sì í gba ara awọ yẹn kọjá. Tí awọ bá ti kárí gbogbo òrùka, kò sí àbùjá mọ́, iná á rìn bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ bọ́tìnì díẹ̀díẹ̀, tí a ń fi í sílẹ̀, tí a tún ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀mú kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ irú tánganran tí iná kì í gbà kọjá. Bí wáyà ṣe ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, mo ní kó fi ẹnu ẹ̀mú ra orí àwọn òrùka náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ẹni ń ta gìtá. Tó bá ti fi bọ́tìnì sílẹ̀, kí ooru tó kúrò, kó fi ẹ̀mú fún àwọn òrùka náà pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́. Kó tún tẹ̀ ẹ́, ká wò ó. Ó ṣe é bí ìgbà mẹ́fà. Nígbà kẹta, òrùka mẹ́rin ti pọ́n. Nígbà kẹfà, kọ́ìlì òsì pọ́n láti àárín bíi ti ọ̀tún, àwọn méjèèjì sì tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ọ̀kan bá ń pẹ́ kó tó tàn, á jẹ́ pé iye òrùka wọn kò dọ́gba, tàbí ẹsẹ̀ ọ̀kan gùn ju ti èkejì. Ẹni tí ẹ̀mú rẹ̀ jẹ́ irin lásán kò gbọdọ̀ fi kan wáyà nígbà tí ọwọ́ bá wà lórí bọ́tìnì, torí pé iná á bíríìjì ni.

Ìdí tí ojú kan fi ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́

Àwọn kan á ní, òrùka méjì péré, kí ló wá le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí ìkòkò. Ìkòkò tí omi wà nínú rẹ̀ kì í jó, ìgbà tí omi bá tán ló ń jó. Bákan náà ni vape. Omi inú rẹ̀, propylene glycol àti glycerine ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀kan ń hó ní nǹkan bí 188 lórí ìwọ̀n Celsius, èkejì ní nǹkan bí 290. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà lára wáyà, òun ló ń gbé ooru kúrò. Iṣẹ́ òwú sì ni láti máa fa omi tuntun wá. Ṣùgbọ́n níbi tí wáyà ti ń pọ́n ju ibi tó kù lọ, omi á gbẹ kí òwú tó ráyè gbé òmíràn dé. Òwú gbígbẹ á wá kojú wáyà gbígbóná. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ sítóòfù kẹrosíìnì tí òwú rẹ̀ ò dọ́gba ni: apá kan ń tú èéfín, apá kan ń jó bùlà, ọbẹ̀ sì ń jóná lójú kan.

Adùn jíjóná yẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Tí omi vape bá gbóná kọjá àlà, tí òwú sì ń jó, ó máa ń mú àwọn èròjà bíi formaldehyde àti acrolein jáde. Inú èéfín sìgá náà ni méjèèjì wà, ara ohun tí àbúrò mi ń sá fún ni wọ́n. Ẹni tó bá ń fà á bẹ́ẹ̀ lọ, tó ní òun á fara dà á, ara ẹ̀ ló ń fi ṣòfò.

Tí kọ́ìlì bá wá pọ́n dọ́gba láìsí òwú, tó sì tún ń jóná nígbà tí òwú bá wọlé, ẹ wo òwú nígbà náà. Tó bá kì jù, omi ò lè gbà á kọjá. Bó ṣe yẹ ni pé, tí ẹ bá ń fà á gba inú kọ́ìlì, kó fi ara ko díẹ̀, ṣùgbọ́n kó má tẹ kọ́ìlì náà. Ẹsẹ̀ wáyà tó gùn jù náà ń fa wàhálà, torí pé òwú ò dé ara rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbóná. Omi tí wọ́n sọ adùn sí jù máa ń fi ìpẹ̀pẹ̀ dúdú sílẹ̀ lára wáyà, bí ọbẹ̀ tó dà sórí hot plate, ibi tí ìpẹ̀pẹ̀ bá sì dì sí á máa gbóná yàtọ̀. Ẹ yọ òwú, ẹ jẹ́ kí wáyà pọ́n díẹ̀, kó tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n. Kanthal àti nichrome ni mo ń wí o. Àwọn kan ń lo wáyà nickel lásán tàbí titanium, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyẹn pọ́n láìsí omi rárá, nítorí titanium lè gbiná, àti pé ohun tó ń jáde lára rẹ̀ kò yẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló wá le jù. Bátìrì tí wọ́n ń pè ní 18650, tó fẹ̀ tó 18 mm, tó sì gùn tó 65 mm, máa ń wà ní 4.2 volt tó bá kún. Lórí kọ́ìlì 0.5 ohm, amp 8.4 ló máa fà, ìyẹn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí hot plate wa ń fà. Tí wáyà bá bíríìjì, tí ohm fi lọ sílẹ̀ sí 0.1, amp 42 ni bátìrì kékeré yẹn máa fẹ́ gbé, ọ̀pọ̀ bátìrì ò sì lè gbé e. Àpótí tó ní ọpọlọ á kọ̀, kò ní tan. Èyí tí kò ní ọpọlọ, tó jẹ́ irin, bátìrì àti bọ́tìnì nìkan, kò ní kọ̀. Bátìrì lè gbóná, kó tú gáàsì, kó bú gbàù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Nítorí náà, ẹni tí kò bá lè ṣe ìṣirò volt, ohm àti amp kò gbọ́dọ̀ dán èyí tí kò ní ọpọlọ wò. Kó ra kọ́ìlì tí ilé-iṣẹ́ ká, kó sì lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Ohun tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀

Àbúrò mi ti òwú tuntun bọ̀ ọ́, ó da omi sí i, ó jẹ́ kó mu fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Ó dákẹ́. Ó tún fà á. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ó ti dáa.” Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó rẹ̀ gba owó sìgá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun á fi ra ẹran.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò tíì ra páálí sìgá kankan. Omi tó ní nikotíìnì 18 mg nínú milílítà kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ di 12, ó sọ ọ́ di 6, ó sọ ọ́ di 3, nígbà tó sì di 2022, ó ní kò sídìí tí òun fi ń gbé àpótí kiri mọ́, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ìyá wa kò mọ ohun tó ń jẹ́ kọ́ìlì, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè é lórí fóònù, tí wọn ò bá gbọ́ ikọ́, wọ́n á ní: “Ọlọ́run ṣeun.”

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ka èyí, wọ́n á ní vape ti wá di oògùn. Rárá o. Ohun tí ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ni pé ewu rẹ̀ kéré gan-an sí ti sìgá, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kò ní ewu, àti pé ọmọdé àti ẹni tí kì í fa sìgá kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀. Òfin wọn láti 2016 ni pé nikotíìnì inú omi vape kò gbọdọ̀ ju 20 mg nínú milílítà kan lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2025, wọ́n fòfin de títa èyí tí èèyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan tó ń jù nù, torí pé ó ń kún ìgboro, àwọn ọmọdé sì ń fà á bíi súìtì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé, tí ẹ bá rí i lọ́wọ́ wọn, ẹ gbà á. Ẹ̀dọ̀fóró tí kò mọ sìgá rí kò nílò vape.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà nínú sìgá, tó ń wá ọ̀nà àtijáde, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà nítorí èéfín ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló ti gbìyànjú, tó jẹ́ pé ohun kékeré bíi síkúrù tí kò dè ló dá wọn padà síbi tí wọ́n ti kúrò, àwọn ará ilé á sì máa sọ pé kò ní ìfaradà. Kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ bi í pé kí ló ń dùn ún lẹ́nu. Ẹ yọ òwú, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ wo ibi tó ń pọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo hot plate nílé náà, ẹ má lọ́ wáyà tó já pọ̀ mọ́, ẹ ra tuntun, ẹ fi òwú wọ̀n ọ́n, kí ẹ fà á dọ́gba. Ojú kan tó bá ń pọ́n ju ibi yòókù lọ, ibẹ̀ ló máa já, ẹ má fi nǹkan bò ó.